Lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń ké pé mẹ́mọ́rì kò tó: ẹ má tíì ra RAM

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti káàdì ni mo ń ṣe. Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo ń lò: Core 2 Duo, Windows 7, àti CorelDRAW X4 tí mo fi ń ya iṣẹ́. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí mo bá ti ṣí Corel, tí Chrome náà sì wà ní ṣíṣí nítorí WhatsApp, á kọ ọ́ jáde pé “Your computer is low on memory”, kò sì ní pẹ́ tí Corel á fi kú. RAM 2GB ló bá a wá. Ẹnjiníà kan fi kún un, ó di 4GB, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Ó ní àfi kí n ra 8GB. Ẹnjiníà yìí náà ló bá mi tún ẹ̀rọ náà ṣe nígbà tí C: kún, tó ní òun ti jẹ́ kó fúyẹ́. Níbi System, wọ́n kọ 4.00 GB, wọ́n sì kọ 2.96 GB usable tẹ̀ lé e, pẹ̀lú 32-bit Operating System. Nínú Task Manager, níwájú Commit, 2810 / 3029 ni mo bá níbẹ̀ kí Corel tó kú. C: ṣẹ́ ku 1.4GB, D: ní 60GB. Ṣé kí n ra RAM náà ni, àbí kí n ta ẹ̀rọ yìí?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má ra 8GB yẹn. Lórí Windows tó wà lára ẹ̀rọ yín báyìí, kò ní rí nǹkan kan lò nínú àfikún náà, owó yín á kàn wọlẹ̀ lásán ni. Inú mi dùn pé ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́, torí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó wà níwájú Commit ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí Windows bá ti sọ pé mẹ́mọ́rì kò tó, RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sí, ló ń bá wí. Ọ̀rọ̀ náà jìn díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí sọ́fútíwíà kan tó lo mẹ́mọ́rì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Windows. Windows á ṣèlérí fún un pé iye báyìí ti di tirẹ̀, ìbáà ti lò ó, ìbáà má tíì lò ó. Àpapọ̀ gbogbo ìlérí wọ̀nyẹn ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ níwájú Commit. Nọ́ńbà kejì ni òpin ohun tí Windows lè ṣèlérí. Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn àríyá tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹbí sára gbogbo àga. Àga ṣì ṣófo lóòótọ́, àmọ́ bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní kò sí àyè mọ́, torí gbogbo rẹ̀ ló ti lólúwa. Ìdí rèé tí kọ̀ǹpútà fi lè máa ké pé mẹ́mọ́rì ti tán nígbà tí ẹ̀yin ń wo RAM tí ẹ rí i pé díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

RAM nìkan kọ́ ló ń pinnu òpin ìlérí yẹn. RAM tí Windows rí lò, àti fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys lórí hard disk, ni wọ́n ń pa pọ̀. Ohun tí sọ́fútíwíà kò bá fọwọ́ kàn fún ìgbà díẹ̀, Windows á gbé e lọ sínú fáìlì náà kí RAM lè ráyè fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. 2.96GB ni Windows yín rí lò. Ẹ fi 1024 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di MB: ó jẹ́ 3031. Òpin Commit yín sì jẹ́ 3029. Nọ́ńbà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Tí pagefile bá wà lórí ẹ̀rọ yẹn, nọ́ńbà kejì ì bá ju RAM lọ dáadáa. Kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti pa á.

Mo fura gidigidi pé ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn jẹ́ kó fúyẹ́ ni wọ́n pa á. Fáìlì náà máa ń tóbi, ẹni tó bá sì ń wá àyè lórí C: lójú méjèèjì á tètè rí i. Ìmọ̀ràn yìí ti tàn káàkiri, pé kéèyàn pa pagefile kí kọ̀ǹpútà lè yára, ó sì máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ. Lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kéré, ohun tó ń ṣe ni pé Corel tí ì bá kàn máa lọ́ra á kúkú kú pátápátá, iṣẹ́ oníbàárà tí ẹ kò tíì fi pamọ́ á sì bá a lọ.

Bí ẹ ó ṣe dá a padà rèé. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Computer, ẹ yan Properties, kí ẹ wá tẹ Advanced system settings. Lábẹ́ Performance, ẹ tẹ Settings, ẹ bọ́ sí Advanced, ẹ tẹ Change níbi Virtual memory. Ẹ óò rí i pé kò sí àmì níwájú Automatically manage, àti pé No paging file ni wọ́n yàn fún C:. Torí pé 1.4GB péré ló kù lórí C:, ẹ má gbé e síbẹ̀. Ẹ tẹ D:, ẹ yan Custom size, ẹ kọ 3072 sínú Initial, 4096 sínú Maximum, ẹ tẹ Set. Bí ẹ kò bá tẹ Set kí ẹ tó tẹ OK, kò ní gbà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe é láṣedànù. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn, ẹ padà sí Task Manager. Nọ́ńbà kejì níwájú Commit ti gbọ́dọ̀ kọjá 6000. Tó bá ṣì wà ní 3029, ẹ padà lọ wò ó, kò tíì wọlé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ìkìlọ̀ yẹn á dínkù gan-an, ó sì ṣeé ṣe kó lọ pátápátá. Ẹ̀rọ á máa lọ́ra nígbà tí Corel àti Chrome bá jọ wà ní ṣíṣí, iná hard disk á máa ṣẹ́jú léraléra. Kí ẹ̀rù má bà yín, Windows ló ń gbé nǹkan wọ pagefile, tó tún ń gbé e jáde.

Àyè orí C: náà ṣì ń fẹ́ àmójútó, torí Corel fúnra rẹ̀ máa ń kọ fáìlì ìgbà díẹ̀ sórí disk bí iṣẹ́ bá wúwo. Nínú Corel, ẹ lọ sí Tools, Options, Workspace, Memory, kí ẹ fi D: ṣe Primary disk. Ẹ lo Disk Cleanup fún C:, ẹ sì kó àwọn fọ́tò oníbàárà kúrò lórí Desktop lọ sí D:, torí C: ni Desktop wà. Fáìlì ńlá mìíràn tún wà níbẹ̀, hiberfil.sys, tí Windows ń kó iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí sí kí ẹ̀rọ tó sùn (Hibernate). Ní Windows 7, ó máa ń gba nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún RAM. Lórí ẹ̀rọ yín, ó ju 2GB lọ. Tí bátìrì yín bá ti kú, tó jẹ́ pé bí NEPA bá ti mú iná lọ ni ẹ̀rọ ń kú lójú ẹsẹ̀, fáìlì yìí kò wúlò fún yín mọ́. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, ẹ kọ powercfg -h off, ẹ tẹ Enter, á pòórá. Àmọ́ bí bátìrì bá ṣì ń gbé e, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí òun ni Windows fi ń tọ́jú iṣẹ́ yín nígbà tí bátìrì bá fẹ́ jò tán.

Ọ̀rọ̀ kàn wá kan 2.96 yẹn, àti ìdí tí 8GB kò fi lè ràn yín lọ́wọ́. Windows 32-bit ní láti fún gbogbo ibi tó bá fẹ́ dé nínú mẹ́mọ́rì ní àdírẹ́sì, àdírẹ́sì tó sì lè kà kò ju 4,294,967,296 lọ, ìyẹn 4GB géérégé. Káàdì àwòrán àtàwọn ẹ̀yà mìíràn nínú ẹ̀rọ náà ń gba àdírẹ́sì tiwọn nínú iye yẹn kan náà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni RAM ń rí lò. Nígbà tí ẹ kúrò ní 2GB bọ́ sí 4GB, ẹ jèrè nǹkan bí 1GB, ẹ kò jèrè 2GB. Bí ẹ bá wá fi kún un tó di 8GB, èrè rẹ̀ á jẹ́ òdo, torí Windows 7 32-bit kò ní kọjá 4GB láéláé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Starter kò tiẹ̀ ń kọjá 2GB. Àwọn kan ń gbé ohun kan kiri tí wọ́n ń pè ní patch, tó ń yí inú Windows padà kó lè kọjá 4GB. Ẹ má gbà kí wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń jẹun. Dráífà, ìyẹn sọ́fútíwíà kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tí wọn kò kọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè máa ba iṣẹ́ yín jẹ́ láìfọhùn.

Ṣé kí ẹ wá yí i sí Windows 64-bit, tí àdírẹ́sì tó lè kà pọ̀ ju ti 32-bit lọ fíìfíì? Core 2 Duo lè gbé e. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi CPU-Z, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wo abẹ́ Mainboard. Tí chipset yín, ìyẹn ẹ̀yà orí pátákó tó ń so CPU pọ̀ mọ́ RAM, bá jẹ́ Intel 945, ẹ gbàgbé rẹ̀: Windows 64-bit pàápàá kò ní rí ju nǹkan bí 3GB lọ lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 965 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò rí 4GB yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí ọ̀nà láti yí 32-bit sí 64-bit láìfọ gbogbo C: nù, nítorí náà ẹ ní láti kó iṣẹ́ yín sí ibòmíràn ṣáájú. Dráífà 32-bit kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ní ti 64-bit kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójú tèmi, wàhálà yẹn kò yẹ iṣẹ́ yín báyìí. CorelDRAW X4 fúnra rẹ̀ jẹ́ 32-bit. Èyí tó kọ́kọ́ ní 64-bit ni X6, tó jáde ní 2012. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbé X4 sórí Windows 64-bit, ìwọ̀n díẹ̀ tí ẹ ó jèrè, Chrome ni yóò jẹ ẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ ló kàn yìí. Lórí Windows 32-bit, sọ́fútíwíà kọ̀ọ̀kan ní 2GB tirẹ̀, kò sì lè kọjá rẹ̀, bó ti wù kí RAM tàbí pagefile pọ̀ tó. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí pagefile bá padà sípò, Corel ṣì lè kú nítorí ohun tí ẹ kó sínú fáìlì kan ṣoṣo. Fọ́tò ló sì sábà máa ń fà á.

Ẹ mú fọ́tò kan tí fóònù yà, 4000 sí 3000, ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 12. JPEG rẹ̀ lè má ju 3MB tàbí 4MB lọ, torí wọ́n ti fún un pọ̀. Kí ó tó lè hàn lójú ìwé, ó gbọ́dọ̀ di títú, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á sì gba báìtì 3. Mílíọ̀nù 36 báìtì nìyẹn. Tí ẹ bá sọ ọ́ di CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, báìtì 4 ni fún píksẹ́lì kan, ó di mílíọ̀nù 48. Ẹ wá rò ó wò: ìwé ètò ìsìnkú bàbá tó lọ́mọ, tó lọ́mọ-ọmọ, tó sì jẹ́ olóyè, fọ́tò 40 kò pọ̀ jù níbẹ̀ rárá. 40 lọ́nà mílíọ̀nù 36 jẹ́ bílíọ̀nù 1.44 báìtì, a kò sì tíì ka lẹ́tà, òjìji, àwọ̀ ẹ̀yìn àti Undo. Nínú 2GB, kí ló kù?

Bẹ́ẹ̀, fọ́tò ọmọ-ọmọ tí yóò wà nínú àpótí ínṣì 2 sí ínṣì 2.5 kò nílò ju píksẹ́lì 600 sí 750 lọ kó lè mọ́ kedere ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan. Píksẹ́lì 450,000 nìyẹn, mílíọ̀nù 1.35 báìtì, tí kò tó ìdá kan nínú 26 ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gba ìwé náà lọ́wọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gbé fọ́tò wọlé pẹ̀lú File, Import, ẹ má fi sílẹ̀ ní Full Image. Ẹ yan Resample, kí ẹ fún un ní ìwọ̀n tó yẹ àyè rẹ̀. Fún èyí tó ti wà nínú fáìlì, ẹ fà á sí ìwọ̀n tí yóò wà gan-an, ẹ lọ sí Bitmaps, Resample, ẹ kọ 300. Fọ́tò olóògbé tó kún ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ jẹ́ kó tóbi: A4 ní 300 dpi jẹ́ 2480 sí 3508. Ẹ ní kí ẹbí fi ìyẹn ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document lórí WhatsApp, torí bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á ti dín in kù, kò sì ní dára fún ojú ìwé ńlá.

PowerClip, tí a fi ń ki àwòrán sínú àpótí nínú Corel, náà ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Ẹ fi í gé orí èèyàn kan jáde nínú fọ́tò gbogbo ẹbí, ó wá dà bíi pé fọ́tò náà ti kéré. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Ẹ gé e nínú Photo-Paint, sọ́fútíwíà fọ́tò tó bá CorelDRAW wá, kí ẹ tó gbé e wọlé. Bákan náà ni ti fọ́tò àtijọ́ tí ẹ ń ṣe sikáànì: A4 aláwọ̀ ní 600 dpi gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 104 báìtì, ní 300 dpi ó jẹ́ mílíọ̀nù 26. Tí ìwé náà bá sì pọ̀, ẹ pín in sí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta, ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, inú lọ́tọ̀. Tí ọ̀kan bá kú, ìyókù á wà láyè.

Chrome ńkọ́? Ojú ewé tí ẹ bá ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ẹ̀ka tirẹ̀, ìlérí mẹ́mọ́rì tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Shift àti Esc nínú Chrome, ẹ óò rí èyí tó ń jẹ jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba fọ́tò láti orí WhatsApp, kí ẹ fi í pamọ́ sórí D:, kí ẹ ti Chrome pa, kí ẹ tó ṣí Corel. Windows 7 kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020, Chrome fún un sì dúró sí 109. Ẹ̀rọ yẹn kò yẹ ibi tí ẹ ó ti máa wọ báńkì yín.

Ẹ máa ṣọ́ nǹkan kan sí i. Bí Commit bá ń gùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ṣí nǹkan tuntun, ohun kan ń gba mẹ́mọ́rì tí kò dá a padà. Nínú Task Manager, ẹ bọ́ sí Processes, View, Select Columns, ẹ fi àmì sí Commit Size, ẹ tẹ orí rẹ̀ kó tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wò ó láàárọ̀, kí ẹ tún wò ó nírọ̀lẹ́. Mo sábà máa ń kọ́kọ́ wo spoolsv.exe ti ìtẹ̀wé, àti antivirus, pàápàá níbi tí méjì bá wà lórí ẹ̀rọ kan. Àwọn sọ́fútíwíà tó ń pe ara wọn ní RAM booster, ẹ yọ gbogbo wọn kúrò. Wọ́n kàn ń lé ohun tí ẹ ń lò kúrò nínú RAM lọ sórí disk ni, ẹ óò sì tún dúró kó padà wá. ReadyBoost tó ń lo fíláàṣì kò sì ń fi kún òpin Commit rárá.

Ẹ dán RAM tuntun tí wọ́n fi sí i náà wò: ẹ kọ mdsched síbi Start, kí ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú. RAM tó bàjẹ́ sábà máa ń mú ojú aláwọ̀ búlúù wá ni, mi ò sì rò pé òun ni tiyín.

Ní ti pé kí ẹ tà á: ẹ má tíì tà á. Tí owó díẹ̀ bá wà tí ẹ fẹ́ ná lé e, SSD onínṣì 2.5, ìyẹn disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó sì yára ju hard disk lọ, ni kí ẹ fi rọ́pò hard disk àtijọ́ yẹn. Pagefile á yára lórí rẹ̀, ẹ sì lè yọ ọ́ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ iwájú. RAM ti ìgbà Core 2 Duo kò ní bá ẹ̀rọ tuntun mu. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wá Core i5 ìran kẹjọ sókè, kó lè gba Windows 11, pẹ̀lú RAM 8GB ó kéré tán. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú yín kí ẹ tó sanwó, torí lára àwọn lápútọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan, wọ́n ti lẹ RAM mọ́ pátákó, kò sì sí bí ẹ ó ṣe fi kún un mọ́.